Bí Leonardo Ṣe Ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn, àti Ohun Tó Jẹ́ Kó Máa Ṣí Kúrò Lára Ògiri

Àwòrán Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjìlá nídìí tábìlì, èyí tó wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ nílẹ̀ wa, kì í ṣe orí kálẹ́ńdà ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ara ògiri yàrá ìjẹun ni Leonardo da Vinci yà á sí, nílé àwọn ará ẹgbẹ́ ìsìn Dominic tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria delle Grazie ní Milan, ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ó fẹ̀ tó mítà 8.8, ó sì ga tó mítà 4.6. Ludovico Sforza, olórí Milan ìgbà náà, ló gbé iṣẹ́ náà fún un, torí ó fẹ́ kí ibẹ̀ di ibi ìsìnkú ìdílé òun. Àmì ìdílé Sforza ṣì wà lókè àwòrán náà dòní. Nǹkan bí ọdún 1495 ni Leonardo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì parí rẹ̀ ní 1498.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ya oúnjẹ yìí sí yàrá ìjẹun. Ní Florence tó ti kọ́ṣẹ́, Andrea del Castagno ti ya tirẹ̀ ní 1447, Domenico Ghirlandaio náà sì ti yà á ní 1480. Nínú àwòrán àwọn méjèèjì, Júdásì nìkan ló jókòó sí òdìkejì tábìlì, kí ẹni tó bá wọlé lè dá ọ̀dàlẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Leonardo kọ ìyẹn. Ó kó gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi Júdásì sáàárín àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú tó mú ni ìgbà tí Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi òun hàn. Jìnnìjìnnì bo tábìlì náà láti orí dé ìdí: àwọn kan dìde, àwọn kan ń na ọwọ́, Fílípì ń fi àyà sọ̀yà pé kì í ṣe òun. Júdásì nìkan ló fà sẹ́yìn, tó di àpò owó mú ṣinṣin. Lójú tèmi, ibi tí ọlá iṣẹ́ náà wà gan-an nìyẹn, ju gbogbo àṣírí tí àwọn èèyàn ń wá kiri nínú rẹ̀ lọ.

Matteo Bandello, òǹkọ̀wé kan tó wà nílé náà nígbà èwe rẹ̀, ròyìn bí Leonardo ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, á gun orí àkàsọ̀ láti ìdájí, kò ní jẹ, kò ní mu, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kọjá láìfọwọ́ kan ohunkóhun, á kàn dúró fún wákàtí kan tàbí méjì, á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, á wá lọ́sàn-án gangan, á fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á sì lọ.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe fresco, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàwòrán sára ògiri láyé ìgbà náà. Nínú fresco, wọ́n á fi ẹfun tútù rẹ́ ìwọ̀nba ibi tí wọ́n lè yà lóòjọ́, wọ́n á sì kun ún kó tó gbẹ. Bí ẹfun náà ṣe ń gbẹ, àwọ̀ àti ògiri á di ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti padà ṣàtúnṣe. Leonardo fẹ́ àyè yẹn. Ó jẹ́ kí ògiri gbẹ, ó wá lo ọ̀dà tí wọ́n fi ẹyin àti òróró pò, bí ẹni ń ya àwòrán sórí pákó. Ó rí àyè ronú, àmọ́ orí ògiri lásán ni ọ̀dà náà dúró sí. Nígbà tí ọ̀rinrin dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ní 1517, Leonardo ṣì wà láyé, Antonio de Beatis, akọ̀wé kádínà kan tó wá wò ó, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń bàjẹ́. Nígbà tí Giorgio Vasari, ayàwòrán tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán, fi máa rí i ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ó ní àbàwọ́n ṣíṣú lásán ló kù.

Ẹ̀rí wà nínú yàrá kan náà. Lára ògiri tó dojú kọ ọ́, Giovanni Donato da Montorfano fi fresco ya ìkànmọ́ àgbélébùú ní 1495, tirẹ̀ ṣì hàn kedere. Àwòrán Ludovico àti ìdílé rẹ̀ tí wọ́n fi kún un lórí ògiri gbígbẹ, tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé iṣẹ́ Leonardo ni, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, díẹ̀ ló kù.

Ọwọ́ èèyàn náà dá kún un. Ní 1652, wọ́n lu ilẹ̀kùn sí abẹ́ àwòrán náà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ Jésù kúrò. Ní 1821, Stefano Barezzi, alátùúnṣe àwòrán, rò pé fresco ni, ó gbìyànjú láti ṣí i kúrò lára ògiri, ó sì ba apá kan jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1943, bọ́ǹbù wó òrùlé àti ògiri kan yàrá náà, ṣùgbọ́n àpò iyanrìn tí wọ́n tò ti ògiri àwòrán náà kò jẹ́ kó wó. Pinin Brambilla Barcilon, obìnrin alátùúnṣe àwòrán, lo ohun tó lé ní ogún ọdún láti họ ọ̀dà tí àwọn alátùúnṣe ìṣáájú kùn lé e kúrò, ó parí ní 1999.

Àwọn kan ní obìnrin ló jókòó lápá ọ̀tún Jésù. Jòhánù ni. Láìní irùngbọ̀n ni àwọn ayàwòrán Florence máa ń yà á, Castagno àti Ghirlandaio náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ lẹ́yìn Júdásì kò ní ẹni tó ni ín. Pétérù ló ni ín. Ìwé tí Leonardo fi dán apá náà wò wà ní Windsor, nínú àkójọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó wà ní ìyókù, ẹ̀dà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ponte Capriasca ní Switzerland la fi mọ̀ wọ́n, torí wọ́n kọ orúkọ síbẹ̀. Ní ti ẹsẹ̀ Jésù tí ilẹ̀kùn gé, ó wà ní pípé nínú ẹ̀dà tí Giampietrino, ọmọ ẹ̀yìn Leonardo, yà ní nǹkan bí 1520. Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín, àwọn tó tún ògiri Milan ṣe sì lò ó láti mọ ohun tó ti parẹ́.