Ìgò Mẹ́ta fún Ọkọ, Ìgò Mẹ́ta fún Ìyàwó: Kí Ló Dé Tí Ọ̀rọ̀ Fi Yàtọ̀?

Aláró kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìnáwó ìsìnkú kan. Òun àti ọkọ rẹ̀ mu ìgò bíà mẹ́ta mẹ́ta. Ọkọ bá èèyàn ṣeré, ó sì lọ sùn. Ìyàwó, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, tú àṣírí àbúrò ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí.

Iye kan náà la mu. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni ọtí pa?

Ẹ má bú ara yín, ìyá. Inú omi ara ni ọtí máa ń tàn sí. Nínú ara ọkùnrin, nǹkan bí 60 nínú 100 ló jẹ́ omi. Tobìnrin sábà máa ń wà láàárín 50 sí 55. Ẹ̀yin aláró mọ èyí jù mí lọ: ẹ bu ìwọ̀n aró kan náà sínú ìkòkò omi ńlá àti ìkòkò omi kékeré, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ méjèèjì. Ti ìkòkò kékeré ló máa dúdú jù lọ́wọ́ yín. Èròjà inú ikùn tó ń fọ́ ọtí kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń kéré lára obìnrin. Ìwádìí kan ti fi èyí hàn láti ọdún 1990.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́. Kí ló dé tí mo fi sọ ọ́?

Ká mọ nǹkan yàtọ̀ sí ká kó ara wa níjàánu. Ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa ló di ìjánu náà mú, òun ló ń sọ fún ahọ́n pé, "Dúró ná." Ọtí tètè máa ń dẹ ìjánu yìí, nígbà míì kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi lè dà bíi pé ó le nígbà tí ẹnu ti ń sáré.

Ẹni tó ń mu ún lámujù ń kọ́, bí ojú rẹ̀ bá tiẹ̀ dá?

Ibí gan-an ló ti rúni lójú. Káwọn olùwádìí lè dán ìjánu yìí wò, wọ́n máa ń gbé èèyàn síwájú kọ̀ǹpútà: bí àmì bá yọ, kó tètè tẹ bọ́tìnì, bí àmì kejì bá tẹ̀ lé e, kó ká ọwọ́ kò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde lọ́dún 2009, àwọn obìnrin tó ń mutí púpọ̀ kò lè tètè káwọ́ kò. Wọn ò rí irú rẹ̀ lára àwọn ọkùnrin. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí náà kò sì sọ bóyá ọtí ló dẹ ìjánu, tàbí ìjánu tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fà wọ́n sídìí ọtí.

Ṣé àwọn ọkùnrin ti yè bọ́ nìyẹn?

Rárá! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní mílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni ọtí ṣekú pa lọ́dún 2019, mílíọ̀nù 2 nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin. Kí awakọ̀ tó ń gbé páraga mì ní gáréèjì Láfẹ́nwá má fi ọ̀rọ̀ obìnrin tu ara rẹ̀ nínú.

Ṣé ìjánu náà lè padà le?

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Àmọ́ bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ àfi téèyàn bá mu ún, kó má dá nìkan jáwọ́ lójijì. Gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Aro, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta níbí, kò jìnnà sí wa. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣíra rẹ̀ láṣọ lójú títì nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, lọ́kùnrin lóbìnrin.