Ohun tí WPA2 àti WPA3 ń ṣe fún Wi-Fi ilé, àti ibi tí agbára wọn mọ

Ẹni tó bá wọ ojú-ewé ètò ráútà ilé rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, yóò rí ibi tí wọ́n kọ WPA2, WPA3 tàbí méjèèjì pọ̀ sí. Ìlànà ààbò ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ń tọ́ka sí. Ìgbì rédíò ni Wi-Fi fi ń gbé ọ̀rọ̀ káàkiri, ìgbì yìí kì í sì í dúró lẹ́bàá ògiri. Ẹni tó wà ní ilé kejì tàbí nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ìta lè gba ohun tí ráútà àti kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ sílẹ̀. Iṣẹ́ WPA ni láti sọ ọ̀rọ̀ náà di àdììtú lójú ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà má sì lè dara pọ̀ mọ́ Wi-Fi náà.

WEP ló ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1997. Ní ọdún 2001, Scott Fluhrer, Itsik Mantin àti Adi Shamir fi hàn pé ẹni tó bá ti gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ lè fi ìṣirò tú kọ́kọ́rọ́ WEP, bó ti wù kí kọ́kọ́rọ́ náà ṣòro mọ̀ tó. WPA àkọ́kọ́ jáde ní 2003 láti fi dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, WPA2 tẹ̀lé e ní 2004, WPA3 sì dé ní 2018. Ráútà tí kò bá ní ju WEP tàbí WPA àkọ́kọ́ lọ ti kọjá àtúnṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà lórí WPA2, WPA2 sì dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà ni agbára rẹ̀ wà. Nígbà tí fóònù kan bá fẹ́ wọlé, òun àti ráútà máa ń fi ọ̀rọ̀ kúkurú mẹ́rin ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń fi han ara wọn. Bí ẹni tó ń dẹtí sí wọn bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó lè gbé wọn lọ sílé, kí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì máa fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn dán an wò títí yóò fi kan èyí tó bá a mu. Ráútà kò ní mọ̀, kò sì ní lè dá a dúró. Òótọ́ ni pé WPA2 mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ó ń po orúkọ Wi-Fi àti ọ̀rọ̀ aṣínà pọ̀, ó sì ń tún ìṣirò náà ṣe nígbà 4,096 kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá jẹ́ nọ́ḿbà mẹ́jọ péré, mílíọ̀nù 100 ni gbogbo ohun tó lè jẹ́, irú káàdì tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà nítorí géèmù sì lè dán gbogbo wọn wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́tà 8 sí 63 ni WPA2 gbà. Lójú tèmi, gígùn ṣe pàtàkì ju àwọn àmì tí a máa ń há sáàárín ọ̀rọ̀ kúkurú lọ: ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, tí a kàn ṣà bó ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́, rọrùn fún gbogbo ará ilé láti rántí, ó sì ṣòro fún àlejò láti bá pàdé. Orúkọ àbíkẹ́yìn àti ọdún ìbí rẹ̀ kò sí lára irú wọn. Ẹ tún yí orúkọ tó bá ráútà wá padà, nítorí pé àwọn kan ti ṣe ìṣirò sílẹ̀ de àwọn orúkọ Wi-Fi tó wọ́pọ̀ jù.

WPA3 dí ọ̀nà yìí. Nínú rẹ̀, ojú ráútà gan-an ni ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti wáyé, kò sí ohun tí ènìyàn lè gbé lọ sílé lọ máa dán wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣètò ráútà sí WPA2 àti WPA3 pọ̀ nítorí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣì ń fi ọ̀nà àtijọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, nítorí náà kò yẹ kí ọ̀rọ̀ aṣínà kúrú.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tún wà láti wọ Wi-Fi láìkọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, WPS, tó ń lo nọ́ḿbà mẹ́jọ. Ní 2011 ni wọ́n kéde pé ráútà ń yẹ nọ́ḿbà náà wò ní ìdajì-ìdajì, àti pé èyí tó kẹ́yìn ṣeé ṣírò láti ara àwọn yòókù, tó fi jẹ́ pé ìgbìyànjú 11,000 ló pọ̀ jù tí olè nílò. Ẹ pa á. Ní ti fífi orúkọ Wi-Fi pamọ́, asán ni: àwọn fóònù fúnra wọn a máa pe orúkọ náà sójú afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá a.

Ráútà tún ní ọ̀rọ̀ aṣínà kejì, èyí tí a fi ń wọ ojú-ewé ètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò tíì yí i padà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú ráútà jáde nínú páálí. Ní 2016, ètò olóró kan tí wọ́n ń pè ní Mirai fi àkójọ irú ọ̀rọ̀ aṣínà àtilẹ̀wá bẹ́ẹ̀ gba kámẹ́rà àti ráútà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ẹ yí i padà, kí ẹ sì jẹ́ kí ráútà máa gba àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é.

Gbogbo ààbò yìí, ojú afẹ́fẹ́ ló mọ. Fáìlì tí ọmọ ilé bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà wọlé kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú WPA. Ní orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé jọ ń lò, àkáǹtì kan ṣoṣo tó ní agbára alákòóso ni ewu tó tóbi jù. Ẹ ṣí àkáǹtì lásán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ya àkáǹtì alákòóso sọ́tọ̀ fún ìgbà tí a bá fẹ́ fi ètò tuntun sí i. Bí ọmọ bá tẹ géèmù ọ̀fẹ́ kan, tí àpótí kékeré sì yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso, ibẹ̀ ni yóò ti wá pe àgbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì tí bàbá fi pamọ́ sínú àkáǹtì tirẹ̀ kò ní hàn sí ẹni tó ń lo àkáǹtì mìíràn.

Àkáǹtì lásán kò lè gba àwọn fáìlì ẹni tó ni ín là lọ́wọ́ ètò tó ń ti fáìlì pa kí ó tó béèrè owó. Ẹ̀dà tí a ṣe sórí dírááfù ìta ló ń gbani níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yọ dírááfù náà kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ẹ̀dà tán, nítorí pé èyí tó bá ṣì wà lára rẹ̀ yóò bá a lọ.