Sátẹ́láìtì kò mọ ibi tí ẹ wà, fóònù yín ló mọ̀ ọ́n

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ l'Ékòó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége: pé sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń wo olúkúlùkù wa, àti pé ẹni tó bá ti pa location lórí fóònù rẹ̀ ti bọ́ kúrò lójú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ nínú dánfó, mo ń gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹbí, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta fóònù ní Computer Village n'Íkẹjà, àwọn tó yẹ kó là wá lọ́yẹ̀. Ó ń dùn mí, torí pé àṣìṣe yìí kò dúró sí ẹnu lásán. Ó ń mú kí àwọn èèyàn máa sá fún ohun tí kò lè pa wọ́n lára, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ohun tó lè pa wọ́n lára.

Pé fóònù mọ ibi tí a wà, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó bá ti fi ápù pe ọkọ̀ láti Yábàá lọ sí Ìkòyí ti rí i. Ápù ojú ọjọ́ ń sọ òjò àdúgbò fún wa, ápù oúnjẹ ń to àwọn ilé oúnjẹ tó sún mọ́ wa sókè, Android àti iPhone sì ti lè yà á sọ́tọ̀ tipẹ́ pé ẹsẹ̀ la fi ń rìn àbí inú mọ́tò la wà. Àwọn ápù tó ń bọ̀ á tún mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọjà ápù ń forí lé: kí ápù ti mọ ipò tí èèyàn wà kó tó di pé onítọ̀hún béèrè nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí fóònù ń gbà mọ̀, àti àwọn tó ń lọ sọ ọ́ fún.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló ni GPS, ètò sátẹ́láìtì tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà. Àwọn ológun wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ lọ sókè ní 1978, ní 1995 ni wọ́n sì kéde pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pé. Nǹkan bí 31 ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, gíga wọn sí ilẹ̀ tó 20,200 kìlómítà. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò l'Ékòó ló sì lè gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn.

Iṣẹ́ tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún wa kò ju ọ̀kan lọ. Aago tí kì í ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń kéde láìsinmi: èmi rèé, ibi tí mo wà rèé, aago tó lù rèé. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ fóònù yín. Kò mọ nọ́ńbà yín, kò mọ̀ bóyá Ọbáléńdé lẹ wà tàbí Òkè-Arìn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà láyé. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí Radio Lagos ṣe ń sọ̀rọ̀ láti Agídìngbí láìmọ ilé tí wọ́n ti yí rédíò sí i, bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì GPS rí. Fóònù yín ló ń gbọ́, fóònù yín náà ló ń ṣírò.

Ìṣirò ọ̀hún gbẹgẹ́. Ìyára ìmọ́lẹ̀ ni ìkéde náà fi ń rìn, ìyẹn nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Fóònù á wo aago tí sátẹ́láìtì sọ pé ó lù, á wo ìgbà tí ìkéde náà dé ọ̀dọ̀ òun, á sì mọ bí sátẹ́láìtì ti jìnnà sí òun tó. Bí ó bá ṣi aago kà pẹ̀lú ìdá kan péré nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, yóò fi 300 kìlómítà ṣìnà, ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Aago inú fóònù kò sì péye tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi nílò sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán: mẹ́ta fún ibi tó wà, ẹ̀kẹrin láti fi tún aago ara rẹ̀ ṣe.

Ibi tí mo bá ṣàlàyé dé yìí ni wọ́n ti máa ń dá mi lóhùn pé, ó dára, àmọ́ tí fóònù bá ń gbà, ó gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan ránṣẹ́ padà. Èsì yìí ló le jù láti tú ká, torí ó jọ òótọ́. Ìpè ń lọ ó ń bọ̀, WhatsApp ń lọ ó ń bọ̀, kí ló dé tí ti sátẹ́láìtì yóò fi máa bọ̀ láìlọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro agbára tí fóònù ní. Fóònù kan náà tí máàsì fi ń ṣòro fún un láti bá sọ̀rọ̀ bí ẹ bá jìnnà sí ìgboro díẹ̀, tí ẹ ó máa gbé e sókè kí nẹ́tíwọọ̀kì lè wọlé, báwo ni yóò ṣe fi bátìrì kékeré inú rẹ̀ kígbe dé 20,200 kìlómítà? Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí kò tilẹ̀ ní etí tí wọ́n fi ń gbọ́ fóònù. Àwọn ibùdó tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè dán an wò. Ẹ wa máàpù Èkó sórí fóònù sílẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí àmì búlúù tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọkọ̀ òfuurufú, kí nẹ́tíwọọ̀kì, dátà àti Wi-Fi kú pátápátá. Ẹ wọ mọ́tò l'Ọbáléńdé tó ń lọ sí Bẹ́gà, kí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì búlúù yóò máa bá yín gun afárá Third Mainland lọ, láìjẹ́ pé fóònù fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó lè pẹ́ kó tó gbéra bí fóònù bá ti kú fún ìgbà pípẹ́, torí pé àkọsílẹ̀ ibi tí gbogbo sátẹ́láìtì wà máa ń gba ìṣẹ́jú 12 àtààbọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán láti òkè. Dátà ni fóònù fi ń yára mọ̀ ọ́n. Ìdí ẹ̀ rèé tí àwọn kan fi rò pé GPS ń jẹ dátà.

Mo gbà pé ìdàrúdàpọ̀ náà ní orísun. Láti January 2023 tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ti wọ Nàìjíríà, a ti ń rí àwo rẹ̀ lórí òrùlé, ó ń gbà ó sì ń fi ránṣẹ́. iPhone 14 tó jáde ní 2022 náà lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ nígbà pàjáwìrì ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣí i. Sátẹ́láìtì ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyẹn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kò yẹ kí a fi ti ọ̀kan ka gbogbo wọn mọ́ra.

Tó bá jẹ́ sátẹ́láìtì nìkan ni fóònù gbọ́kàn lé, ì bá ti sọnù sí ọjà Balógun. Láàárín àwọn ilé gíga Broad Street àti Marina, ìkéde yẹn máa ń gbá ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù, àmì búlúù á sì bọ́ sí òdìkejì títì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Nínú plásà n'Ídúmọ̀tà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wà lórí ṣọ́ọ̀bù, ó lè má gbọ́ sátẹ́láìtì kankan rárá. Síbẹ̀ fóònù ṣì mọ̀ pé inú plásà yẹn lẹ wà. Wi-Fi ló sọ fún un.

Gbogbo ẹ̀rọ Wi-Fi, ì báà ṣe ti ilé ìfowópamọ́ tàbí ti oníṣọ́ọ̀bù bàtà, ló ń pe orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ jáde láìdákẹ́. Fóònù tó bá ń kọjá lọ ń gbọ́ ọ, kódà bí ẹ kò bá mọ páásíwọ̀ọ̀dù. Bí fóònù náà bá ti mọ ibi tó wà, ó lè sọ fún Google tàbí Apple pé àwọn Wi-Fi tí òun gbọ́ níbí rèé. Àìmọye fóònù ti sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ńlá sì ti ti ibẹ̀ jáde. Fóònù míì tó bá gbọ́ orúkọ kan náà lọ́la kò nílò ọ̀run mọ́; ìwé yẹn ni yóò bi. Mọ́tò Street View ti Google, tó ń ya àwòrán títì kiri, náà kópa nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kódà ní 2010, Google jẹ́wọ́ pé àwọn mọ́tò ọ̀hún ti gba ju orúkọ lọ: wọ́n gba ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí àwọn Wi-Fi tí a kò tì.

Máàsì náà tún wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín gbọ́dọ̀ mọ máàsì tó sún mọ́ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpè kò ní wọlé. Èyí kan fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré tí kò ní GPS rárá. Nígbà tí ọlọ́pàá bá fi fóònù wá èèyàn, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ.

Bọ́tìnnì location wáá ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń dí ọ̀nà tí ápù fi ń béèrè lọ́wọ́ fóònù pé níbo la wà, ó sì yẹ láti pa á nígbà tí a kò bá nílò rẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn pa á kó sì fọkàn balẹ̀ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ṣì mọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ wọ̀ ṣì ń tọ́ka sí ìlú tí ẹ wà. Nínú Android, lábẹ́ Location, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Wi-Fi scanning, tó lè máa gbọ́ Wi-Fi àyíká bí ẹ tilẹ̀ ti pa Wi-Fi fúnra rẹ̀. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi hàn pé Google ṣì ń tọ́jú ibi táwọn èèyàn ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa Location History (àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti lọ), torí pé bọ́tìnnì míì wà níbòmíì tí wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n pa. Ní November 2022, Google gbà láti san 391.5 mílíọ̀nù dọ́là fún ìpínlẹ̀ 40 l'Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí ewu tiwa wà gan-an ni ìyọ̀ǹda tí a fọwọ́ ara wa fún ápù. Láti Android 10 ní 2019, ẹ lè sọ pé kí ápù mọ ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan. Láti Android 12 ní 2021, ẹ lè ní kó mọ àgbègbè lásán, tí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta onígun mẹ́rin, tí kò ní lè ya Balógun sọ́tọ̀ kúrò lára Ìdúmọ̀tà. iPhone ti ní irú rẹ̀ láti 2020. Àwọn tó ń bẹ̀rù sátẹ́láìtì kan náà ni mo ń rí tí wọ́n ń tẹ "Allow" fún ápù tọ́ọ̀ṣì.

Ápù owó yíyá ló ń ká mi lára jù. A mọ ohun tí wọ́n fojú àwọn èèyàn rí: wọ́n ń pe ọ̀gá ibi iṣẹ́, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí àna àti pásítọ̀. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Ní 2023, Google fi òfin dè wọ́n lórí Play Store, ọjà ápù rẹ̀, pé wọn kò gbọdọ̀ béèrè fún nọ́ńbà inú fóònù, fọ́tò, tàbí ibi tí èèyàn wà gan-an. Òfin tó dára ni. Àmọ́ Play Store nìkan ló dè. Ápù tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò sí lábẹ́ rẹ̀, ọjà ápù sì ń pọ̀ sí i: láti March 2024 ni òfin Yúróòpù ti mú kí Apple gba ọjà ẹlòmíì láàyè lórí iPhone níbẹ̀. Google náà kéde ní 2025 pé òun á máa béèrè ẹni tó ṣe ápù kó tó wọ fóònù Android, tó fi mọ́ èyí tí kò gba Play Store kọjá, bẹ̀rẹ̀ láti Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand ní September 2026. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè dín ayédèrú kù. Kò dá mi lójú pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí mímọ orúkọ ẹni tó ṣe ápù kò sọ ohun tó ń fi ìrìn wa ṣe.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń gbowó pé àwọn á fi sátẹ́láìtì wá fóònù tó ti sọnù, kódà bó ti kú. Irọ́ ni. iPhone kan wà láti 2021, lábẹ́ iOS 15 (ètò tó ń darí iPhone), tó ṣeé wá lẹ́yìn tí wọ́n pa á, àmọ́ àwọn fóònù tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń ta á lólobó, ẹni tó ni ín ló sì lè fi àkáǹtì ara rẹ̀ wá a lọ́fẹ̀ẹ́.

Lónìí, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Location, kí ẹ ka orúkọ àwọn ápù tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan ibi tí ẹ wà, ẹ gba ìyọ̀ǹda náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bá sì fẹ́ kí Wi-Fi òun máa júwe ọ̀nà lè fi _nomap parí orúkọ Wi-Fi náà. Google ní òun á yọ irú rẹ̀ kúrò nínú ìwé òun.