Ìfojúdíwọ̀n 1RM nínú irin gbígbé

1RM ni àwọn agbérin ń pe ìwọ̀n irin tó wúwo jù tí ènìyàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìlànà, tí apá rẹ̀ kò sì ní ká a lẹ́ẹ̀kejì. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ń gbé ètò ìdánrayá kà: ẹni tí wọ́n ní kó fi ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ 100 náà.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ènìyàn gbé e wò. Á mú ara gbóná, á máa fi ìwọ̀n kún irin díẹ̀díẹ̀, á sì máa sinmi láàárín. Bí ìdíje ṣe rí nìyẹn: ní Paralympics (ìdíje àwọn eléré tó ní ìpèníjà ara) ti Paris 2024, kílò 167 tí Folashade Oluwafemiayo ti Nàìjíríà tì sókè lórí bẹ́ǹṣì kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa ń tán ni lókun, ó sì lè ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ léṣe.

Ìṣirò

Bí irin bá ṣe ń wúwo sí i ni iye ìgbà tí a lè gbé e ń dín kù. Nítorí náà, a lè gbé irin tó fúyẹ́ díẹ̀ títí yóò fi sú apá, kí a ka iye ìgbà, kí a sì ṣírò èyí tó kù. Boyd Epley, tó ṣe kóòṣì ní Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà, ló ni ìlànà w × (1 + r/30). W ni ìwọ̀n irin, r ni iye ìgbà. Ti Matt Brzycki (1993) ni w × 36/(37 − r). Fún ẹni tó gbé kílò 80 nígbà 5, Epley á mú nǹkan bíi 93 jáde, Brzycki á mú 90.

Ní ìgbà 10, èsì méjèèjì dọ́gba géérégé. Kó tó dé ibẹ̀, ti Epley ló ga jù. Lẹ́yìn rẹ̀, ti Brzycki á gba iwájú, á sì máa sáré. Kílò 60 nígbà 20 jẹ́ 100 lọ́dọ̀ Epley, ó jẹ́ 127 lọ́dọ̀ Brzycki. Tó bá di ìgbà 37, ti Brzycki á fẹ́ fi òdo pín nǹkan, ìṣirò á sì dẹnu kọlẹ̀. Ti Epley náà ní àléébù: ẹni tó gbé 100 lẹ́ẹ̀kan péré, á ní 103 ni. Ìdí nìyí tó fi dára kí iye ìgbà má ju 10 lọ. 3 sí 5 ló ṣeé gbára lé jù.

Ohun tó ń yí èsì padà

Irú eré náà ṣe pàtàkì. Ní ìdá kan náà nínú 1RM, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń ṣe sábà máa ń ju ti apá lọ, àwọn eléré ọ̀nà jíjìn náà sì máa ń ka ìgbà tó pọ̀. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ láti fi wọn bí irin ṣe ń yára sókè sí dípò kíka ìgbà.