Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta nínú RV lọ sí aṣálẹ̀ Death Valley

Nígbà tí ìdílé kan bá fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ ìsinmi kún rìnrìn-àjò lọ sí aṣálẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi èmi tí mo ń ṣàyẹ̀wò RV kí àwọn tí ó háyà rẹ̀ tó gbé e jáde ni iye ibi tí wọ́n lè dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìdáhùn mi kì í yí padà: ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí omi àti ooru pinnu bí ẹ ó ṣe lo àkókò yín níbẹ̀. RV jẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Bí ó ṣe ń gbé yín rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gbé omi, gáàsì àti iná mànàmáná tí ẹ ó lò dání. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tán nígboro, ẹ ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ ó rà á. Ní aṣálẹ̀, ẹ lè wa ọkọ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Death Valley ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọgbà ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dáàbò bò ni, ìpínlẹ̀ California ni ó sì wà, lẹ́bàá ààlà Nevada, ó sì tó nǹkan bí 120 máìlì sí Las Vegas, níbi tí ó ti rọrùn láti háyà RV.

Ìgbà tí ẹ ó lọ ni ó ṣe kókó jù. Ní Furnace Creek, tí ó wà láàárín àfonífojì náà, wọ́n ka ooru tí ó tó 56.7 lórí ìwọ̀n Celsius ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913, òun náà ni ó ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ooru tí ó ga jù lọ. Nínú oṣù Keje, ooru ọ̀sán tí kò ṣàjèjì níbẹ̀ ni nǹkan bí 47. Nínú oṣù Kìíní, ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 19, òru á sì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 4. Nítorí náà, ìsinmi Memorial Day ní ìparí oṣù Karùn-ún àti Labor Day ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án kò dára fún aṣálẹ̀ yìí rárá. Ìsinmi Martin Luther King nínú oṣù Kìíní àti Presidents' Day nínú oṣù Kejì ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tí ó bá bi mí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń yáni ní RV ni kò tilẹ̀ gbà kí a wa ọkọ̀ wọn wọ Death Valley nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ìwé àdéhùn náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: ògiri RV fẹ́lẹ́, orí òrùlé gan-an ni ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ wà nínú oòrùn, jẹnẹrétọ̀ tí ó ń fún un ní iná náà sì máa ń rẹ̀ nínú ooru.

Kí ẹ má sì gbàgbé òtútù òru. Gáàsì ni ẹ̀rọ amúlémóoru ń jó, ṣùgbọ́n bátìrì ni ó ń yí fáànù rẹ̀. Bí bátìrì bá rọ lóru, òtútù á jí yín bí gáàsì tilẹ̀ kún inú sílíńdà. Ẹ kó aṣọ ìbora tí ó nípọn dání, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ àyè tí a ti lè so RV mọ́ iná àti omi ní ọgbà ìpàgọ́ Furnace Creek, àyè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, oṣù mẹ́fà ṣáájú sì ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí ojú òpó Recreation.gov.

Ní ti omi, ìlànà tí àwọn alábòójútó ọgbà Death Valley fi lélẹ̀ ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù kan, tí í ṣe nǹkan bí lítà mẹ́rin, fún mímu lójúmọ́, ó kéré tán. Ènìyàn mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ gálọ́ọ̀nù méjìlá, èmi a sì máa ní kí wọ́n fi ti odidi ọjọ́ kan kún un. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bíi ti ìgbà ọyẹ́ lápá òkè ọya, òógùn a máa gbẹ lára kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó ń làágùn, èyí sì ni ó fà á tí àwọn ọmọdé fi lè gbẹ lára láìbèèrè omi. Ẹ máa fún wọn mu kí wọ́n tó bèèrè. Inú ike tí ẹ rà ni kí omi mímu wà. Omi inú táńkì RV ni kí ẹ fi wẹ̀, kí ẹ fi fọ abọ́, nítorí ẹ kò mọ bí ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn ṣe tọ́jú rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ, táńkì tí ó gba 40 gálọ́ọ̀nù yóò sì fi ohun tí ó lé ní 330 pọ́n-ùn kún ẹrù ọkọ̀. Bí ó ti wúwo tó yìí, ẹ kún un. Ohun tí ó yẹ kí ẹ dín kù ni àwọn àpótí aṣọ àti àga tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lé.

Táńkì tí omi ìfọbọ́ àti omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kún, ọbẹ̀ wa sì wà lára ohun tí ń tètè mú un kún. Ìkòkò tí a fi se ọbẹ̀ elépo ń gba omi púpọ̀ kí ó tó mọ́. Ẹ se ọbẹ̀ nílé, kí ẹ dì í sínú ike kéékèèké, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dì nínú fíríìsà ṣáájú ìrìn-àjò. Nígbà tí ẹ bá jẹun tán, ẹ fi bébà nu àwo kí ẹ tó fi omi kàn án.

Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ̀ ba wo táyà. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn: 2319, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ RV ń jókòó sójú kan fún oṣù gbọọrọ, táyà rẹ̀ a máa gbó nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dà bíi tuntun. Bí ó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, tàbí tí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń là wẹ́wẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọkọ̀ mìíràn, kí ojú má sì tì yín. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni a ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ jáde lára táyà tí ó ti gbóná.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ẹ bá gba ọkọ̀, ẹ sùn ní Pahrump, tí kò ju nǹkan bí 60 máìlì lọ láti Las Vegas. Ìlú yìí ni ìlú gidi tí ó kẹ́yìn kí ẹ tó wọ aṣálẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra oúnjẹ, kí ẹ sì ti kún epo, nítorí epo inú ọgbà náà wọ́n púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀pọ̀ RV máa ń mu nínú epo ọkọ̀ kan náà, a sì ṣe é kí ó kú fúnra rẹ̀ bí táńkì bá ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́rin, kí epo tí a ó fi jáde má baà tán. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ wọlé. Ẹ sun òru méjèèjì tí ó kù ní Furnace Creek, nítorí láti ibẹ̀, Zabriskie Point, tí a ti ń wo àwọn òkè àti àfonífojì náà, àti Badwater, ibi tí ó jìn ní 282 ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀ ìpele òkun, kò jìnnà rárá. Ẹ má wa ọkọ̀ tí ó gùn ju 25 ẹsẹ̀ bàtà lọ sójú ọ̀nà Artists Drive, torí wọn kò gbà á. Ọ̀nà náà tóóró, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ẹni tí ó bá ń ti Los Angeles bọ̀ lójú ọ̀nà 190 yóò gun Towne Pass, tí ó ga tó 4,956 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ wá sí Stovepipe Wells tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Bí ẹ bá ń gùn ún, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná jù. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì yóò mú un gbóná débi pé kò ní mú mọ́.

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Ẹ ra àwòrán ilẹ̀ tí a tẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti wákàtí tí ẹ ó fi padà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ dúró tì í, nítorí ọkọ̀ rọrùn láti rí ju ènìyàn tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ wo ojú òpó ọgbà náà ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tí ó ṣí. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, òjò tí ìjì Hilary mú wá rọ̀ tó ínǹṣì 2.2 ní Furnace Creek ní ọjọ́ kan, ìyẹn nǹkan bí iye tí ibẹ̀ ń rí lódidi ọdún. Omi ya lulẹ̀ láti orí àwọn òkè, ó gbá títì lọ, wọ́n sì ti ọgbà náà pa títí di àárín oṣù Kẹwàá.

Atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń dé lójijì. Ẹ ká aṣọ ìbòji tí ó wà lára RV wọlé kí ẹ tó sùn àti nígbàkigbà tí ẹ bá fi ibùdó sílẹ̀, torí ẹ̀fúùfù lè fà á ya pọ̀ mọ́ irin rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó sì san owó rẹ̀. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ sùn. Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti gba ọkọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ nípa èéfín olóró, kí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ibi ìdàgbẹ́nù ní Furnace Creek ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ so páìpù náà pinpin, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí ó bá ti gbẹ ni kí ẹ ṣí ti omi ìfọbọ́, kí omi ọṣẹ tí ó kẹ́yìn lè ṣan inú páìpù náà mọ́ kí ẹ tó ká a.