Àbàwọ́n ara àti àpá dúdú

Àbàwọ́n ara ni ibi yòówù tí àwọ̀ ara ti yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀, ìbáà dúdú jù ú lọ, ìbáà funfun jù ú lọ. Mẹ́lánínì ló ń fún ara ní àwọ̀. Bí oòrùn, ọgbẹ́, oyún tàbí ìpara líle bá ti da àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é láàmú, wọn a ṣe é ní àṣejù, ibẹ̀ a sì dúdú. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá kú, ibẹ̀ a funfun.

Àmì ọjọ́ ogbó tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́ àti ojú wọ́pọ̀ lára àwọn òyìnbó tí oòrùn ti pa fún ọdún púpọ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ohun tí àgbà sábà máa ń rí ni kóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn. Ìdílé ló ti ń wá, kì í ràn, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Kò sí ewu nínú fífi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fi òwú so ó tàbí tó fi ohun líle jó o máa ń gba àpá tó tóbi ju kóró náà lọ. Àpá dúdú tó kù, ohun tó ha ara, tó jó ara tàbí tó mú ara yún ló sábà máa ń fi í sílẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Ilẹ̀ kajú ni ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kábà dé Ẹ̀gbẹ̀, kajú sì ń fi àpá sí ara. Èèpo kóró rẹ̀ ní òróró dúdú tó ń jó ara. Bí wọ́n bá ń yan án nínú agbada, òróró náà a máa ta. Bí wọ́n bá sì ń fi ọwọ́ lásán pa á, a máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ibi tó bá kàn á ta, á lé ròrò, á bó, á sì dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó bá jinná. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti aṣọ alápá gígùn ni ààbò tó dára jù. Ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́ lè fi òróró ìsebẹ̀ tàbí eérú pa ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti yan án, kí ẹni tó ń ro ó sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, nítorí èéfín rẹ̀ náà ń jó ojú. Bí ó bá ta síni lára, kí a fi òróró ìsebẹ̀ nù ún, kí a wá fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. A kì í bẹ́ ròrò náà. Faselíìnì ni kí a fi pa á, kí a sì bò ó kúrò lójú oòrùn títí yóò fi jinná. Ìdílé kan náà ni máńgòrò àti kajú: oje ìdí máńgòrò ló ń fi àpá dúdú sí ẹnu ọmọdé tó bá fi eyín bó o láì kọ́kọ́ gé ìdí rẹ̀ kí oje náà ṣàn dànù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa àpá kó lè pa rẹ́. Èròjà kan wà nínú èèpo ọsàn náà tó ń bá oòrùn jó ara, nítorí náà ẹni tó bá fi pa ojú tó sì jáde lọ sóko lè padà wálé pẹ̀lú àpá tuntun.

Oyún àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí dúdú lọ́gbọọgba. Ti oyún sábà máa ń dín kù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Kòkòrò kékeré dúdú tó ń jẹni létí odò tó ń sáré ló ń gbé àrùn ìnárun kiri. Ara a máa yún kíkankíkan, nígbà tó bá sì pẹ́, ojúgun a funfun tótòtó bí awọ ẹkùn. Kò sí ìpara tó ń dá àwọ̀ yìí padà, ìdí nìyẹn tí oògùn ivermectin tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ní Ìpínlẹ̀ Kogí fi ṣe pàtàkì. Gíga ènìyàn ni wọ́n fi ń wọn iye tí yóò lò; wọn kì í fún aláboyún, ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, ìyá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bímọ, tàbí ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà.

Ìdènà

Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń ba awọ ara jẹ́ jù. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́rin ń bo ojú àti etí. Fìlà kò tó. Ìpara ìdènà oòrùn gbọ́dọ̀ jẹ́ SPF 30 (ìwọ̀n agbára tó fi ń dènà oòrùn) ó kéré tán. Èyí tí a fà sí gígùn ìka méjì ló tó ojú àti ọrùn. Bí a bá fi wínńkínní pa á, iṣẹ́ rẹ̀ dín kù gan-an. A ń pa á ní ìṣẹ́jú 15 kí a tó jáde, a sì ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì tàbí lẹ́yìn òógùn. Fún dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tó ní àwọ̀ tí iron oxide wà nínú rẹ̀ ló dára jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí pàápàá ń mú un dúdú sí i.

Ìtọ́jú

Bí ohun tó fà á kò bá tíì dúró, kò sí oògùn tí yóò ṣiṣẹ́: irorẹ́ tàbí ara yíyún ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú. Àpá tó wà lókè awọ máa ń jọ àwọ̀ kọfí, ó sì lè gba oṣù 3 sí 12 kó tó ṣí. Èyí tó jọ eérú tàbí aró ti wọlé jìn, ó sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpara azelaic acid 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Aláboyún náà lè lò ó. Ìpara tretinoin 0.025 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti alẹ́ nìkan: ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, lórí awọ tó ti gbẹ, ní alẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bí ojú bá ń ta, tó ń bó, kí a dá a dúró ná, torí awọ tó bá wú máa ń fi àpá mìíràn sílẹ̀. Hydroquinone, èròjà tó ń mú kí àwọ̀ ara ṣí, ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oògùn àti oúnjẹ, kò fàyè gba ju 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpara ìṣaralóge, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó kọjá oṣù mẹ́rin láìrí dókítà.

Ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń pò fún bíbóra lọ́jà ló léwu jù. Hydroquinone àlòpẹ́ ń sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka di dúdú bí aró. Ẹni tó ń lò ó á rò pé ìpara náà kò le tó, á fi kún un, á sì máa dúdú sí i. Clobetasol, oògùn steroid líle tí wọ́n ń pò mọ́ irú ìpara yìí, ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ kó sì ya, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó ti lo clobetasol pẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ lójijì. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Fífi òtútù jó àpá pẹ̀lú léwu fún aláwọ̀ dúdú: òtútù ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ṣáájú àwọn yòókù, ibẹ̀ á sì funfun.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìpara bò

Bí ibì kan lára bá ṣí funfun, kí a di ojú ẹni náà, kí a fi òwú tútù kàn án níbẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, torí ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n fi ń lò ó. Àmì dúdú ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná, tó ń fẹ̀ kọjá mìlímítà 6, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, lè jẹ́ jẹjẹrẹ awọ. Irú èyí, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀, ló pa Bob Marley ní 1981. Dókítà gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ohunkóhun pa á.