Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Scirocco Àtijọ́: Bódì ti Scirocco, Inú ti Golf

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì Scirocco rẹ̀, mọ́tò Volkswagen àtijọ́, bá nọ́ọ̀kì máa ń rò pé ẹ́ńjìnnì ni ìṣòro òun. Rárá o. Ẹ́ńjìnnì tó lè wọ inú mọ́tò yẹn pọ̀ lọ súà. Rọ́bà tó yí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ká ni yóò wá títí tí ojú á fi pọ́n ọn.

Ọmọ ìyá ni Scirocco àti Golf. Ọdún 1974 ni Volkswagen gbé Scirocco jáde, oṣù díẹ̀ ṣáájú Golf àkọ́kọ́. Giorgetto Giugiaro ló ya àwòrán àwọn méjèèjì, ilé iṣẹ́ Karmann ní ìlú Osnabrück ní Jámánì ló sì ń to Scirocco pọ̀. Bódì rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dà wálẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló ní; ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, gíà, bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì, ti Golf ni. Ní 1981 wọ́n gbé Scirocco kejì jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1992. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Golf 2 ti dé ní 1983, nítorí náà ẹni tó ra Scirocco ọdún 1988 máa ń rò pé páàtì Golf 2 ni yóò bá a mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Golf 1 ni Scirocco kejì lábẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ohun tó ń jẹ́ kéèyàn mọ èyí láì bi ẹnikẹ́ni ni nọ́ńbà tó wà lára páàtì. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni Volkswagen máa ń lò, nígbà mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà kan tàbí méjì ní ìparí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ mọ́tò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe páàtì náà: 171 ni Golf 1, 191 ni Golf 2, 531 ni Scirocco àkọ́kọ́, 533 ni Scirocco kejì, 535 ni Corrado tó tẹ̀lé e. Ìkẹrin ló ń sọ ibi tí páàtì náà ń gbé lára mọ́tò: 1 ni ẹ́ńjìnnì, 2 ni epo àti sàlẹ́ńsà, 3 ni gíà, 4 ni ẹsẹ̀ iwájú, 5 ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, 6 ni táyà àti bíréèkì, 8 ni bódì, 9 ni wáyà àti iná. Páàtì inú ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ máa ń fi orúkọ ìdílé ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀, bíi 027 fún èyí tó ní fáàfù 16, tàbí 06A fún lítà 1.8 olótọ́bò (turbo) tó wá lẹ́yìn.

Ká sọ pé ìdè ẹsẹ̀ iwájú ti já. Bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 171, kò sí ìdí láti dárúkọ Scirocco létí ẹni tó ń tà á rárá. Ti Golf 1 ni kí èèyàn béèrè, nítorí bí oníṣòwò bá ti gbọ́ Scirocco, owó á gùn òkè. Bó bá sì jẹ́ 533 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí onítọ̀hún jókòó, kó múra sílẹ̀ de sùúrù.

Ẹ́ńjìnnì náà ní ìdílé tirẹ̀. EA827 ni Volkswagen ń pè é, inú Audi 80 ló sì ti kọ́kọ́ jáde ní 1972. Láti àárín sílíńdà kan sí àárín èkejì jẹ́ mílímítà 88, wọn ò sì yí ìwọ̀n yìí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n tilẹ̀ ń fẹ ihò sílíńdà tí wọ́n sì ń mú kí písítìn rìn jìnnà sí i. 1.5, 1.6, 1.8, 2.0, aláfáàfù 8 tàbí 16, títí dé 1.8 olótọ́bò, ẹbí ni gbogbo wọn. Ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń bá gíà pàdé ò yí padà, ọ̀pọ̀ ihò bóòtù tó wà lára bulọ́ọ̀kù náà sì wà níbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní 1998 fi lè jókòó sínú mọ́tò 1978.

Ìdílé yìí kan náà ni mẹkáníìkì tó ti tú Santana tàbí Jetta tí wọ́n ń tò nígbà kan ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ti mọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fojú kan Scirocco rí.

Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ sára bulọ́ọ̀kù, nítòsí ibi tí tọ́ọ̀pù sílíńdà ti jókòó lé e, ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́. JH ni 1.8 aláfáàfù 8 tó wà nínú Scirocco tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, agbára ẹṣin 90. KR ni 1.8 aláfáàfù 16 ti Yúróòpù, agbára ẹṣin 139. ABA ni 2.0 tó wà nínú Golf 3 àti Jetta 3 ní Amẹ́ríkà. AGU ni 1.8 olótọ́bò inú Golf 4, agbára ẹṣin 150. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni kí èèyàn ti nu ìdọ̀tí ibẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ ka lẹ́tà náà, torí pé ohun tí oníṣòwò kọ sórí bébà lè yàtọ̀ sí ohun tó wà lára irin.

Nínú gbogbo wọn, ABA ni ó rọrùn jù fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, ó pọ̀ nígboro mọ́tò àlòkù, kò sì gbówó lórí. Àmọ́ bulọ́ọ̀kù rẹ̀ ga: mílímítà 236, nígbà tí ti 1.8 jẹ́ 220. Mílímítà 16 yìí kì í ṣe nǹkan lójú, àfìgbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà wà ńbẹ̀. Nínú 1.8 aláfáàfù 8 àtijọ́, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ̀yìn náà ni èéfín ń gbà jáde. Nínú ABA, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, nítorí náà páìpù rẹ̀ á sún mọ́ rádíétọ̀. Àwọn kan máa ń yọ tọ́ọ̀pù sílíńdà ABA sọnù, wọ́n á gbé ti àtijọ́ lé bulọ́ọ̀kù gíga náà, wọ́n á sì wá bẹ́líìtì tó gùn sí i. Ọgbọ́n tó dára ni, nítorí wáyà àtijọ́ àti ètò epo àtijọ́ á ṣì ṣiṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì VR6 ti Volkswagen ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, àwọn èèyàn sì ń ṣe é. Sílíńdà mẹ́fà nínú bulọ́ọ̀kù kan, tọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lórí wọn. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti ń bá gíà pàdé yàtọ̀, gíà tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a wá, ó sì wúwo ní imú. Scirocco tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tó ń yí kọ́nà bí ọmọdé tó ń sáré, á wá máa wọ́ imú nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ariwo nìkan lè ṣe é.

Kí ẹ́ńjìnnì tó dúró, ó nílò síítìn, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dè é mọ́ bódì. Síítìn Golf 1 àti ti Golf 2 kò jọra, ẹ́ńjìnnì tó sì ti ara Golf 3 tàbí 4 wá, irin ìdè tirẹ̀ ló gbé dání. Wọn kì í gé bódì nítorí èyí. Irin ìdè ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni wọ́n máa ń tú, tí wọ́n á dè mọ́ ara tuntun, torí pé ọ̀pọ̀ ihò bóòtù bá ara wọn mu. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nọ́ọ̀kì fún àwọn alájẹkù irin kó tó tú irin ìdè kúrò lára rẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Gíà Scirocco, 020 ni wọ́n ń pè é. Ó lágbára tó fún agbára ẹṣin 90. Àmọ́ nínú rẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kan eyín ńlá tó ń yí ṣáàfù mọ́ ibi tó wà, kì í ṣe bóòtù. Bí agbára bá ti pọ̀ jù, tàbí tí ọjọ́ bá ti lọ jù, rífẹ́ẹ̀tì kan á já, á máa ta kiri nínú gíà, títí tí yóò fi lu ògiri gíà náà jáde, tí epo á sì dà sílẹ̀. Wọ́n máa ń lu rífẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí jáde, wọ́n á fi bóòtù rọ́pò wọn. Ẹni tí gíà rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì, tí kò ṣe é, ó ń wá iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn tó ń fi tọ́bò sí i sábà máa ń lo gíà 02A ti Corrado tàbí Passat dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn irin (cable) ni wọ́n fi ń yí gíà yẹn, epo ló sì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, nítorí náà ọ̀pá gíà àti pẹ́dà náà á yí padà.

Iṣẹ́ tó ń lé èèyàn lọ sùn láì jẹun ni wáyà. Ọ̀pọ̀ Scirocco ló ń lo K-Jetronic, ètò epo tí kò ní ọpọlọ kankan, tí epo ń ṣàn gba inú rẹ̀ láì dáwọ́ dúró ní agbára tó sún mọ́ 5 bar. Wáyà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ́ńjìnnì tuntun ní ọpọlọ, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, ọpọlọ yìí sì fẹ́ gbọ́ láti ẹnu gbogbo sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Ti Golf 4 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bá pátákó tó ń fi eré hàn sọ̀rọ̀, pátákó á sì sọ fún brain box bóyá olówó ọkọ̀ ló ń wà á. Ẹ́ńjìnnì náà lè tàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó kú. Wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀kejì, á tún kú. Kò bàjẹ́, olè ló rò pé ó wà lórí síítì.

Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n kì í ra ẹ́ńjìnnì. Odindi mọ́tò ló ń rà, èyí tí wọ́n ti gbá nídìí ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ ṣì pé. Yóò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dún kó tó tú u. Yóò rí kọ́kọ́rọ́, pátákó, brain box, gbogbo ìdì wáyà, páìpù tọ́bò, títí dórí kílíìpù kékeré tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Nígbà tó bá parí, yóò ta ìyókù. Ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjọ̀ọ̀mù tí wọ́n tò sílẹ̀ ní Ládípọ̀, ọjà páàtì l'Ékòó, lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé wáyà rẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ta ló fẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan?

Títú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹ wo ṣáàfù tó ń yí táyà. Bóòtù mẹ́fà ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gíà, ihò onígun méjìlá ló sì wà lórí bóòtù náà. Gíríìsì àti iyanrìn ogún ọdún á ti dí ihò yẹn pa. Ẹni tó bá kánjú ki irin bọ̀ ọ́ á gbọ́ “kẹ́rẹ́”, irin á yọ̀, ihò á di róbótó, bóòtù ìṣẹ́jú kan á sì gba odindi ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ìṣó tín-ín-rín họ ìdọ̀tí náà kúrò, tí wọ́n fín epo sí i, tí wọ́n fi òòlù lu irin náà wọlé títí tó fi kan ìsàlẹ̀, bóòtù á tú wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ihò tí wọ́n ń gbà da epo sínú táǹkì náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ìpáǹpẹ́ Golf 1 àti Scirocco ni: ọrùn páìpù yẹn máa ń dípẹtà láti inú, èérún ìpẹtà á máa já sínú táǹkì, á sì pa pọ́ǹpù tuntun àti ìjẹ́kítọ̀ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti dá ẹ́ńjìnnì tuntun lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ páìpù yìí.

Ibi tí páàtì ti ń wá yàtọ̀ síra. Gúúsù Áfíríkà dára fún ẹsẹ̀ àti bíréèkì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Citi Golf, tó jẹ́ Golf 1 gan-an, títí di 2009. Brazil dára fún inú ẹ́ńjìnnì: AP ni wọ́n ń pe EA827 tiwọn, tó wà nínú Gol àti Santana wọn, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri níbẹ̀. Jámánì fúnra rẹ̀ ní Volkswagen Classic Parts, tó ń ta ohun tó kù fún mọ́tò àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà níbẹ̀ kó múra owó rẹ̀ dáadáa.

Ìwé mọ́tò náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní Jámánì, mọ́tò tó ti lé ní ọdún 30 lè gba nọ́ńbà H ti mọ́tò àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò bá sànmánì rẹ̀ mu lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì ti yí padà. California ló le jù: ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dàgbà ju mọ́tò lọ, gbogbo ohun tó ń fọ èéfín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a wá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ́ńjìnnì tàn, kò jò, gíà wọlé, bíréèkì mú. Mọ́tò náà wá dúró sínú gáréèjì pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí rọ́bà gíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 533 kò tíì dé.